Òmìnira, Ìdọ́gba, àti Ọmọ Àlejò ní Williamsville

Ẹni tí ó bá gba Adjamé kọjá, tí ó kọrí sí ọ̀nà Abobo ní ìlú Abidjan, yóò kan àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Williamsville. Àdúgbò tí ìtẹ́ òkú ńlá wà ni, àdúgbò àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ sì ni pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ọmọ onílẹ̀, ọmọ Burkina, ọmọ Mali, ọmọ Guinea àti ọmọ Yorùbá ti jọ ń fi ògiri kan náà pààlà. Àwọn Yorùbá tí ó wà ní Abidjan, àwọn ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìnísà àti ti àwọn ìlú mìíràn, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀. Baba ńlá ẹlòmíràn nínú wọn ti ń pàtẹ ọjà níbẹ̀ kí Côte d'Ivoire tó gba òmìnira ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1960. Ànàgó ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n títí di òní.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọmọ kan nínú ìdílé bẹ́ẹ̀. Williamsville ni a bí i sí, ibẹ̀ ni a bí baba rẹ̀ sí pẹ̀lú. Èdè Faransé yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Èjìgbò tí wọ́n ń dárúkọ fún un gẹ́gẹ́ bí ìlú rẹ̀, orúkọ lásán ni lójú rẹ̀. Ní ilé-ìwé, olùkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ pé ní ọdún 1789 àwọn ará Faransé kọ ìwé kan, wọ́n ní inú òmìnira ni a bí ènìyàn sí, àti pé ọgbọọgba ni gbogbo wa nínú ẹ̀tọ́. Ọmọ náà kọ́ ọ sórí. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 18, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó lórí àga kan náà lọ gba ìwé ìdìbò. Òun náà lọ. Wọ́n ní kí ó padà, pé àlejò ni. Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ rò pé ọmọ yìí yóò gbé padà bá olùkọ́ rẹ̀? Yóò ní, "Ọ̀gá, ṣé irọ́ ni ìwé yẹn pa ni, àbí èmi kọ́ ni ènìyàn tí ó ń sọ?"

Ìbéèrè ọmọdé ni, ṣùgbọ́n àgbà ni ó yẹ kí ó dáhùn rẹ̀. A ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé èrò àwọn amòye nípa òmìnira àti ìdọ́gba ni ó bí ìjọba ayé òde òní. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Àwọn amòye ni ó kọ ìwé. Àwọn tí ìwé náà kò kà mọ́ ènìyàn ni ó mú un ṣẹ. Èyí ni kókó ohun tí a fẹ́ sọ lónìí, kò sì sí ibi tí a ti lè rí i kedere ju ìlú tí ọmọ wa ti ń gbé gẹ́gẹ́ bí àlejò.

ÀWỌN AMÒYE MẸ́TA

Ẹni àkọ́kọ́ ni John Locke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé rẹ̀ lórí ìjọba jáde ní ọdún 1689, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọba wọn, James Kejì, kúrò lórí oyè. Locke ní kò sí ẹni tí a bí pẹ̀lú àṣẹ lórí ọmọnìkejì rẹ̀. Àwọn ènìyàn fúnra wọn ni ó fi ohùn sí i pé kí á máa ṣe àkóso wọn, kí ẹ̀mí wọn, òmìnira wọn àti ohun ìní wọn lè ní ààbò. Ìjọba tí ó bá wá di olè tí ń kó ohun tí a fi ṣọ́ ọ, àwọn tí ó gbé e gorí àga lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó fi kún un pé ìjọba kò gbọdọ̀ gba owó orí láìjẹ́ pé ará ìlú tàbí aṣojú wọn fọwọ́ sí i.

Ẹni kejì ni Montesquieu, adájọ́ ilẹ̀ Faransé, tí ìwé rẹ̀ lórí òfin jáde ní ọdún 1748. Ní tirẹ̀, ẹni tí agbára bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa lò ó títí yóò fi kan ààlà; bí kò bá sì sí ààlà, kò ní dúró. Nítorí náà, agbára ni kí á fi dá agbára dúró. Kí ẹni tí ń ṣe òfin yàtọ̀ sí ẹni tí ń mú un ṣẹ, kí adájọ́ sì yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin wà, Ọ̀yọ́ Mèsì wà, Ògbóni sì wà. Aláàfin tí ó bá kọjá àyè rẹ̀, Baṣọ̀run ni yóò jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìlú kọ̀ ọ́. Àwọn baba wa sì ti fi ojú ara wọn rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òṣùwọ̀n yìí bá yẹ̀: nígbà tí Baṣọ̀run Gáà kó gbogbo agbára sí ọwọ́ ara rẹ̀, tí ó ń fi ọba jẹ tí ó sì ń rọ̀ wọ́n lóyè bí ó ti wù ú, ìlú kò ní ìsinmi àfi ìgbà tí Aláàfin Abíọ́dún rí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọdún 1774.

Ẹni kẹta ni Jean-Jacques Rousseau, tí ìwé rẹ̀ lórí àdéhùn láàrin ará ìlú jáde ní ọdún 1762. Lójú tirẹ̀, kì í ṣe ọba ni ó ni ìlú, àwọn ará ìlú lápapọ̀ ni ọba. Òfin tí gbogbo wọn bá jọ ṣe fún gbogbo wọn ni òfin. Èyí tí ẹnì kan bá dá ṣe fún àwọn yòókù, ìfipá ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan kan sọ́kàn nípa ọkùnrin yìí. Ọmọ Geneva ni, kì í ṣe ọmọ Faransé. Àlejò ni ó jẹ́ ní Paris tí ó fi ń kọ̀wé. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde, àwọn aláṣẹ Paris fẹ́ mú un nítorí ìwé mìíràn tí ó kọ ní ọdún náà, Geneva ìlú rẹ̀ sì dáná sun ìwé méjèèjì. Ó di ìsáǹsá láàrin ìlú tí ó gbà á àti ìlú tí ó bí i. Ọkùnrin tí èrò rẹ̀ di ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa ọmọ onílùú, òun fúnra rẹ̀ mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn máà ní ìlú.

Láti ọwọ́ irú àwọn amòye báyìí ni ilé aṣòfin tí à ń yan aṣojú sí, ilé-ẹjọ́ tí kò sí lábẹ́ gómìnà, àti àpótí ìbò ti rí ìdí tí wọ́n fi dúró. Àwọn Amẹ́ríkà fi èrò wọn kọ ìwé òmìnira ní ọdún 1776. Àwọn Faransé fi kọ ìwé ẹ̀tọ́ ènìyàn àti ti ọmọ onílùú ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1789.

Ẹ̀tọ́ ènìyàn, àti ti ọmọ onílùú. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ méjì ni ìwé náà dá. Àárín orúkọ méjèèjì yìí ni ọmọ Ànàgó wa ti há.

ÀWỌN TÍ A TÌ SẸ́YÌN ÌLẸ̀KÙN

Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò há níbẹ̀. Locke tí ó kọ̀wé lórí òmìnira ní owó nínú ilé iṣẹ́ tí ń kó ẹrú láti etí òkun wa. Àwọn Amẹ́ríkà tí ó ní gbogbo ènìyàn dọ́gba, nígbà tí wọ́n kọ ìwé òfin wọn ní ọdún 1787, ẹrú márùn-ún ni wọ́n kà sí ènìyàn mẹ́ta nígbà tí wọ́n ń ṣírò iye aṣojú. Ní Faransé, obìnrin kan tí ń jẹ́ Olympe de Gouges kọ ìwé ẹ̀tọ́ obìnrin ní ọdún 1791 láti fi hàn pé ìwé ti ọdún 1789 gbàgbé ìdajì ènìyàn. Ní ọdún 1793 wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ó di ọdún 1944 kí obìnrin ilẹ̀ Faransé tó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé náà ti bá àdánwò rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ pàdé ni Saint-Domingue, erékùṣù ìrèké àwọn Faransé, tí à ń pè ní Haiti lónìí. Àwọn ẹrú ibẹ̀ dìde ní oṣù kẹjọ ọdún 1791. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Aláwọ̀ dúdú tí a kó kọjá òkun láìpẹ́, àwọn Nàgó sì wà nínú wọn, àwọn ará ilé wa, tí orúkọ wọn kò yàtọ̀ sí èyí tí a ń pe àwọn ti Williamsville. Baba ńlá wa ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó kọjá ohun tí Paris mọ̀ nígbà náà: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú náà ṣe ọmọ nílé ìyá rẹ̀ rí. Ohun tí àwọn ẹrú Saint-Domingue fi idà sọ nìyẹn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1794, àwọn aṣòfin Paris fi òfin pa oko ẹrú rẹ́. Napoléon dá a padà ní ọdún 1802. Haiti bá a jà, ó sì kéde òmìnira rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1804. Ta ni ó wá mú ọ̀rọ̀ ọdún 1789 ṣẹ? Kì í ṣe ẹni tí ó kọ ọ́ nìkan; ẹni tí ó gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí ó sì gbà á gbọ́ ju ẹni tí ó kọ ọ́ lọ, ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní Côte d'Ivoire. Nígbà ìjọba amúnisìn, ọ̀gá àgbègbè tí ó jẹ́ òyìnbó ni ó ń pàṣẹ, òun ni ó ń mú àṣẹ ṣẹ, òun náà ni ó sì lè ju aláwọ̀ dúdú sí ẹ̀wọ̀n láìsí adájọ́. Ohun tí Montesquieu ní kí á yà sọ́tọ̀, ọ̀gá àgbègbè kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan. Yàtọ̀ sí èyí, a ń fi ipá kó àwọn ọkùnrin lọ sí oko kòkó àti oko kọfí àwọn òyìnbó. Félix Houphouët-Boigny, dókítà àti àgbẹ̀ kòkó, wọ ilé aṣòfin Paris ní ọdún 1945. Òfin tí ó gbé síwájú wọn láti fi òpin sí iṣẹ́ ìfipáṣe di ṣíṣe ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, òfin tí Lamine Guèye ará Senegal dá sọ gbogbo ènìyàn tí ó wà lábẹ́ Faransé di ọmọ onílùú. Àwọn méjèèjì mú ìwé tí olówó ẹrú kọ, wọ́n kà á sí i létí ní ilé rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn obìnrin. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀ nítorí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, kọ̀ láti máa san owó orí níbi tí wọn kò ní aṣojú. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, àwọn obìnrin Côte d'Ivoire fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Grand-Bassam láti béèrè àwọn olóṣèlú tí Faransé tì mọ́lé. Ìlú méjì, òyìnbó méjì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

ABIDJAN NÍ ỌDÚN 1958

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun ni nìyí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, àwọn ará Côte d'Ivoire dìbò fún ìwé òfin de Gaulle, ìwé tí ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ tún ìdè mọ́ ẹ̀tọ́ ènìyàn ti ọdún 1789. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ Abidjan fi bọ́ sí ìgboro, tí wọ́n ń lé àwọn ará Dahomey àti ti Togo, tí wọ́n ń fọ́ ilé wọn, tí wọ́n sì ń kó ẹrù wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sá lọ sí èbúté láti padà sí ilé tí ẹlòmíràn nínú wọn kò rí láti ìgbà èwe.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Àwọn ará Dahomey ti tètè kàwé, àwọn Faransé sì kó wọn wá láti ṣe akọ̀wé àti olùkọ́. Nígbà tí ọmọ Côte d'Ivoire náà kàwé tán, ó bá àlejò lórí àga tí ó ń wá. Ìbínú rẹ̀ ní ìdí, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òyìnbó tí ó pín àga náà wà lókè, kò sí ẹni tí ó fọ́ ilé rẹ̀. Ẹni tí ó wà nítòsí ni a nà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òmìnira orílẹ̀-èdè àti ìdọ́gba ènìyàn kì í ṣe nǹkan kan náà. Wọ́n lè jọ rìn. Wọ́n sì lè pínyà ní ìkóríta àkọ́kọ́. Orílẹ̀-èdè tí ó ń bọ́ àjàgà lọ́rùn ara rẹ̀ lè máa wá ọrùn tí yóò gbé e kọ́.

NÍGBÀ TÍ ÌBÒ BẸ̀RẸ̀ SÍ Í WÚWO

Houphouët-Boigny, tí ó di olórí orílẹ̀-èdè náà, fẹ́ràn àlejò, nítorí pé àlejò ni ó ń ro oko tí ó sọ ilẹ̀ náà di ọlọ́rọ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ó yí i ká lè jẹ́ ọmọ onílùú méjì, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ̀, ó sì fi èrò náà sílẹ̀ ní ọdún 1966. Àwọn àlejò láti ilẹ̀ Aláwọ̀ dúdú tí ó wà nítòsí ń dìbò ní Côte d'Ivoire títí ó fi di ọdún 1990. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò ní ìdọ́gba kò lè ju báyìí lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni ó wà. Àlejò ń dìbò, onílé ń dìbò, kò sì sí èyí tí ó ní ohun tí yóò yàn nínú àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1990 a gba ẹgbẹ́ púpọ̀ láàyè, Laurent Gbagbo sì dìde láti bá baba náà du ipò. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ti yí padà. Nígbà tí ìbò kò wúwo, a pín in fún gbogbo ènìyàn, nígbà tí ó di ohun tí ó lè gbé olórí sọ̀ kalẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Ọmọ ta ni ọ́?"

Ní ọdún 1990 yìí kan náà ni òfin gbé ìwé ìyọ̀ǹda ìgbé kalẹ̀ fún àlejò, ìwé tí ó di ohun ìjìyà lọ́wọ́ ọlọ́pàá lójú ọ̀nà kí wọ́n tó pa á rẹ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS ní ọdún 2007. Ní ọdún 1994, lábẹ́ Henri Konan Bédié, òfin ìdìbò fi àpótí ìbò sílẹ̀ fún ọmọ onílùú nìkan, ó sì ní ẹni tí yóò du ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ baba àti ìyá tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà láti ìpìlẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún èrò yìí ni ivoirité, ìyẹn ni pé ọmọ onílùú ju ọmọ onílùú lọ.

Ìwé òfin ọdún 2000 wá dé. Ó sọ níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ pé ènìyàn jẹ́ ohun ọ̀wọ̀, àti pé gbogbo ẹ̀dá ènìyàn ni a bí sí òmìnira àti ìdọ́gba níwájú òfin. Ọ̀rọ̀ àwọn amòye gan-an nìyẹn. Nígbà tí ó dé ẹsẹ̀ karùndínlógójì, ó tún gbé ọ̀rọ̀ baba àti ìyá kalẹ̀. Ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ogun bẹ́, ó pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì ni pé a ń fi ìwé ìdánimọ̀ du ọmọ àríwá. Nígbà tí ìdìbò ọdún 2010 tún di ogun, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ni ó kú. Williamsville kò bọ́ nínú rẹ̀.

Ìwé òfin tuntun jáde ní ọdún 2016. Ó sọ ọ̀rọ̀ baba àti ìyá di baba tàbí ìyá, èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ kẹrin rẹ̀. Níbi tí ìwé ọdún 2000 ti ní gbogbo ẹ̀dá ènìyàn, ìwé ọdún 2016 ní gbogbo ọmọ Côte d'Ivoire ni a bí sí òmìnira àti ìdọ́gba. Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan ni a yí padà. Nínú àwọn orúkọ méjì tí ìwé ọdún 1789 dá, ènìyàn ti bọ́ kúrò nínú ẹsẹ̀ yẹn, ọmọ onílùú ni ó kù.

Ẹ̀TỌ́ ONÍLÉ ÀTI Ẹ̀TỌ́ ỌMỌ

A kò fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ti onílé. Gbogbo ilé ni ó ní olúwa rẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 1998 fi hàn pé nínú ènìyàn mẹ́rin tí ń gbé Côte d'Ivoire, ó ju ẹnì kan lọ tí ó jẹ́ àlejò, nítorí 26 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ní ọdún 2021 ó jẹ́ bí 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí orílẹ̀-èdè tí yóò rí irú èyí tí kò ní ronú. Rousseau fúnra rẹ̀ kò sọ pé kí ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lánàá wá yan aṣòfin lónìí.

Nítorí náà ó yẹ kí á pín ẹ̀tọ́ sí méjì. Ẹ̀tọ́ kan wà tí ó jẹ́ ti ènìyàn: kí á má pa á, kí á má jà á lólè, kí á má tì í mọ́lé láìsí ẹjọ́, kí ọmọ rẹ̀ lè lọ sí ilé-ìwé. Èyí kò béèrè ìwé kankan. Ẹ̀tọ́ kejì jẹ́ ti ọmọ onílùú: láti dìbò àti láti ṣe àkóso. Onílé lè ṣọ́ ìlẹ̀kùn èyí. Ohun tí kò lè ṣe, bí ó bá fẹ́ kí á pe ìjọba rẹ̀ ní ìjọba ìdọ́gba, ni pé kí ó kan ìlẹ̀kùn náà pa mọ́ ọmọ tí a bí sínú ilé.

Ibí ni òfin Côte d'Ivoire ti kọsẹ̀. Òfin ọdún 1961 ní ọmọ tí baba àti ìyá rẹ̀ jẹ́ àlejò kì í ṣe ọmọ onílùú nítorí pé a bí i síbẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà kan sílẹ̀ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbà kéde pé òun fẹ́ jẹ́ ọmọ onílùú. Ní ọdún 1972 wọ́n dí ọ̀nà náà. Láti ìgbà yẹn, ọmọ náà lè bí ọmọ, ọmọ rẹ̀ lè bí ọmọ, kí gbogbo wọn máa jẹ́ àlejò lọ, àfi bí ìjọba bá wo ojú wọn ṣàánú. Wọ́n ń san owó orí, wọ́n ń san owó ọjà. Ṣé èyí kọ́ ni ohun tí Locke kọ̀, tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta sì torí rẹ̀ jókòó dí àfin? Ní ọdún 2013 òfin kan ṣí ìlẹ̀kùn náà díẹ̀ fún ọdún méjì, fún àwọn tí a bí síbẹ̀ kí ọ̀nà tó dí pátápátá, àti fún ìran wọn. Lẹ́yìn náà a tún tì í.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọmọ àlejò nìkan ni òfin yìí lè bá wí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ kan ní Abidjan yọ orúkọ Tidjane Thiam, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú tí Houphouët dá sílẹ̀, kúrò nínú ìwé olùdìbò. Òfin ọdún 1961 kan náà ni wọ́n fi yọ ọ́, pé ó ti di ọmọ Faransé ní ọdún 1987. Ọ̀pá tí a gbẹ́ láti na àlejò kì í pẹ́ kí ó tó mọ ilé onílé.

KÍ Á TÓ NA ÌKA

Ọmọ Yorùbá tí ó bá ka èyí lè dìde kí ó máa bú àwọn ará Côte d'Ivoire. Kí ó fara balẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n ti lé wa rí: ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde, àwọn ọlọ́jà wa ní Accra àti Kumasi sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ sá. Omijé wọn kò tíì gbẹ nígbà tí ìjọba Nàìjíríà, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, lé àwọn àlejò tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ghana. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù, a fi ọ̀rọ̀ ìléni náà sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń tà á lọ́jà títí di òní.

Nínú ilé tiwa náà ńkọ́? Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí á má ṣe ojúsàájú sí ọmọ orílẹ̀-èdè yìí nítorí ibi tí ó ti wá. Ìwé kan náà ní kí ààrẹ yan mínísítà kọ̀ọ̀kan láti inú ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ọmọ Ìgbò tí a bí ní Ìbàdàn, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Kánò, wọ́n lè san owó orí níbẹ̀ fún ogójì ọdún, kí á tún bi wọ́n léèrè ìwé ìbílẹ̀ nígbà tí ọmọ wọn bá ń wá iṣẹ́. Williamsville kò jìnnà. Ó wà ní Sábó, ó wà ní gbogbo ibi tí a ti ń sọ fún ẹni tí a bí síwájú wa pé kí ó padà sí ìlú rẹ̀.

ÌDÁHÙN OLÙKỌ́

Kí wá ni kí olùkọ́ sọ fún ọmọ tí ó dúró níwájú rẹ̀? Kí ó má purọ́ fún un. Kí ó sọ fún un pé ìwé kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ìwé ọdún 1789 kò dá ẹrú kankan sílẹ̀ ní Saint-Domingue títí àwọn ẹrú fi dìde. Kò mú ọkùnrin kan kúrò ní oko òyìnbó ní Côte d'Ivoire títí Houphouët fi wọ Paris. Ṣùgbọ́n láìsí ìwé náà, ẹni tí ó dìde kò bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi dá olówó rẹ̀ lẹ́bi lójú ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á máa kọ́ ọmọ ní ìwé yìí, kí á sì kọ́ ọ bí àwọn tí a kò kà sí ṣe mú un ṣẹ.

Iṣẹ́ mìíràn wà fún àwọn òbí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní òkè òkun. Kí a tètè forúkọ ọmọ tí a bí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, nítorí pé ọmọ tí kò ní ìwé ìbí kò ní ẹnu níwájú adájọ́. Kí ẹgbẹ́ wa má ṣe mọ sí ayẹyẹ àti ìsìnkú. Kí wọ́n bẹ amòfin lọ́wẹ̀, kí wọ́n sì bá àwọn aṣòfin ilẹ̀ náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ tí ó yẹ àlejò, kí ọ̀nà tí a dí ní ọdún 1972 tún lè ṣí. Kí àwọn ìjọba wa náà mọ̀ pé àdéhùn ìrìnnà ECOWAS ti ọdún 1979, tí ó jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ìlú ara wọn kí ó sì máa gbé ibẹ̀, kì í ṣe òkúta. Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025.

Àwọn baba wa ní, bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì tún ní ẹrú nílé. Àwọn Faransé sọ ọ́, wọ́n sì tún ní ẹrú lókè òkun. Ọmọ Williamsville ti gbọ́ ọ lédè méjèèjì. Kò béèrè èrò tuntun lọ́wọ́ amòye kankan. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí á ka ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà, kí á sì ka òun mọ́ ọn.